Ilé tí ọkọ mi kọ́ ni o: ṣé mo tún gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kí n tó fi ṣọ́ọ̀bù kún un?

ÌYÁ BỌ́LÁ, ÌTAMÁGA

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ gbà mí o. Ọdún 1998 ni bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta tí mò ń gbé. Ó gba pláànù, ìjọba fi òǹtẹ̀ lù ú, ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Bàbá ti sùn. Owó tó ń wọlé fún mi ò tó jẹun, ni mo bá ní kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síwájú ilé, kí n fi yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ kún ẹ̀yìn, tó bá sì yá, kí n gbé ilé sókè fún ayálégbé. A ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, búlọ́ọ̀kù ẹgbẹ̀ta ti wà nílẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin méjì dé, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì mi pé kí iṣẹ́ dúró, wọ́n sì ki ìwé bọ ẹnu géètì. Bírìkìlà mi ní owó ọbẹ̀ ni wọ́n ń wá, pé ká máa fi òru ṣe é. Ilé mi, ilẹ̀ mi, pláànù ń bẹ. Àṣẹ wo ni mo tún fẹ́ gbà?

* * *

BÀBÁ TÓBI, ÌGBÓGBÒ

Ìyá Bọ́lá, ẹ ní láti gbà á. Ohun tí wọ́n yà sínú pláànù 1998 yẹn nìkan ni ìjọba fọwọ́ sí. Ìwé ìgbéyàwó ìyálé kì í ṣiṣẹ́ fún ìyàwó. Tí ẹ bá fi yàrá kún ilé, tí ẹ gbé e sókè, tàbí tí ẹ sọ pálọ̀ di ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ tuntun ni, ìwé tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Kíkùn ilé lọ́dà, pípààrọ̀ táìlì, títún páànù tó ń jò ṣe, ìyẹn ni ẹ lè ṣe láìbi ẹnikẹ́ni.

Ẹ má fi òru ṣe iṣẹ́ o. Mo bẹ̀ yín. Ìwé tí wọ́n ki bọ ẹnu géètì, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Tí wọ́n bá padà wá tí wọ́n rí i pé ògiri ti ga sí i, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, ẹ ó sì sanwó kí wọ́n tó ṣí i. Tó bá tún ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, katakata ló kù. Orúkọ yín ló wà nínú ìwé, orúkọ bírìkìlà kọ́. Ògiri dúró, ògiri ò dúró, òun ti gbowó iṣẹ́ ọjọ́ rẹ̀.

Kí ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀: mi ò kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ni mo jẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án, ilé tèmi náà sì ti jẹ ọ̀dà pupa rí. Mo máa sọ ìyẹn tó bá yá.

* * *

Mo ti ka gbogbo èsì tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ látàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn jọ, torí ọ̀pọ̀ yín ń sọ ohun kan náà lóríṣiríṣi ohùn.

Àwọn kan ní káńsù ti gba owó lọ́wọ́ àwọn, rìsíìtì ń bẹ, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí rárá. Káńsù mẹ́fà la ní ní Ìkòròdú yìí: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú Àríwá, Ìkòròdú Ìwọ̀-Oòrùn, Ìgbógbò àti Báyẹ̀kú, Ìjẹ̀dẹ̀, Ìmọ́tà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí rìsíìtì rẹ̀ jẹ́ àṣẹ ìkọ́lé. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni iṣẹ́ yẹn. LASPPPA ló ń yẹ pláànù wò tó sì ń fọwọ́ sí i. LASBCA ló ń tẹ̀lé yín wá sórí ilẹ̀ láti wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ gbà náà lẹ̀ ń kọ́, àwọn ló sì ń fúnni ní ìwé pé ilé ti parí, pé èèyàn lè gbé inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ tí kò dé ọ̀dọ̀ ìkejì, ìdajì ọ̀nà ló dúró sí. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá ti bá Èkó du agbára yìí rí, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi dá a lẹ́jọ́ lọ́dún 2003 pé ti ìpínlẹ̀ ni.

Àwọn míì ní ọmọ onílẹ̀ ti gba owó fáńdéṣọ̀n, ti gba owó líńtẹ́ẹ̀lì, ti gba owó páànù. Ẹ pẹ̀lẹ́. Láti ọdún 2016 ni Èkó ti ní òfin tó ka owó tipátipá yẹn sí ẹ̀ṣẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n gbà á, kí wọ́n má gbà á, kò kan ọ̀rọ̀ pláànù. Ọmọ onílẹ̀ ò lè fọwọ́ sí nǹkan tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn tó ní "gbogbo àdúgbò ló ń ṣe é" ńkọ́? Òótọ́ lẹ sọ. Mo lè jókòó síwájú ilé mi kí n ka ilé mọ́kànlá tí wọ́n fi nǹkan kún láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n fẹ́ǹsì Ìyá Bọ́lá ni wọ́n kùn lọ́dà, wọn ò kun ti àwọn mọ́kànlá.

Ọ̀kan nínú èrò yín ni mo bá lọ, ìyẹn ti ẹni tó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé agolo ọ̀dà ló jẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa. Ọkùnrin kan wọ fẹ́ẹ̀sì aláwọ̀ ọsàn, ó kọ nǹkan sára ilé opó kan, ó ní kó wá rí òun lẹ́bàá gáréèjì. Nígbà tí mo bá ìyá náà dé ọ́fíìsì, ẹnikẹ́ni níbẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, Ìyá Bọ́lá, ẹ má sanwó kankan lójú títì. Ẹ mú ìwé ẹnu géètì yẹn, ẹ fẹsẹ̀ ara yín gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á bá a nínú fáìlì. Tó bá jẹ́ irọ́, ẹ ti bọ́ nìyẹn.

* * *

Ọ̀rọ̀ tèmi rèé.

Ọdún 2012 ni mo kọ́ bọ́ìskọ́tà oníyàrá méjì sẹ́yìn ilé mi. Mi ò wọn nǹkan kan. Mo rí àyè lẹ́yìn, mo ní kí n má fi ṣòfò. Kí n lè dín owó búlọ́ọ̀kù kù, fẹ́ǹsì ni mo sọ di ògiri ẹ̀yìn, mo gbé páànù lé e, páànù náà sì yọrí sọ́dọ̀ Àlhájà tó wà lẹ́yìn wa.

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ kejì Àlhájà dé géètì mi, bàtà sílípáàsì ẹsẹ̀ kan ló wọ̀, ó gbé ìkejì dání, ẹrẹ̀ ti bò ó. Ó ní, "Bàbá Tóbi, ẹ wá wo ohun tí òrùlé yín ṣe fún mi." Mo tẹ̀ lé e. Omi páànù mi ti gbẹ́ ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà kíṣìnì rẹ̀ bí ẹni gbẹ́ kòtò iṣu, ó ti wọ abẹ́ fẹ́ǹsì lọ. Ibẹ̀ ni bàtà náà rì sí. Mo ní kò tọ́jọ́, màá fi gọ́tà sí i. Mo fi gọ́tà sí i lóòótọ́, gọ́tà náà ń da omi sínú ṣọkawéè mi, ṣọkawéè kún láàárín oṣù méjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sun sí ilẹ̀ tí kànga Àlhájà wà.

Ó kọ̀wé. Wọ́n wá. Wọ́n kùn ún lọ́dà. Ẹ ò lè mọ iye èpè tí mo fi ránṣẹ́ sí obìnrin yẹn nínú ọkàn mi.

Ọ̀gá tó wá wò ó ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní kí n di orí tépù mú lára fẹ́ǹsì, ó fà á wọlé dé mítà mẹ́ta, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ibi tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ rèé." Ìlà náà bọ́ sí ààrin pálọ̀ bọ́ìskọ́tà. Tí mo bá gé e níbẹ̀, yàrá tó kù á tó fi adìẹ sí. Mo wó o fúnra mi. Férémù fèrèsé méjì tí mo yọ ṣì fara ti ògiri títí dòní, adìẹ ló ń sùn lórí wọn, kó má di pé mo parọ́.

Mo wá mọ̀ pé Àlhájà ò ṣe nǹkan burúkú. Mo ti rò pé àlàfo tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, ilẹ̀ tó kàn wà lásán ni. Kò wà lásán. Ibẹ̀ ni omi òrùlé yín ń rọ̀ sí kó má wọ ilé ẹlòmíì. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọ yàrá. Tí iná bá ṣẹ́ yọ, ibẹ̀ lèèyàn ń sá gbà. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, ṣọkawéè wa tún kún, nígbà tí ọkọ̀ agbẹ́gbin dé, ibi tí bọ́ìskọ́tà wà tẹ́lẹ̀ ni páìpù rẹ̀ gbà dé ẹ̀yìn. Ká ní ilé ṣì wà níbẹ̀, inú pálọ̀ mi ni wọn ì bá fà á gbà.

* * *

Ọmọ Ẹ̀bútè bi mí pé: "Bàbá Tóbi, mítà mẹ́ta ọ̀tún, mítà mẹ́ta òsì, mítà mẹ́ta ẹ̀yìn, lórí hááfù pulọ́ọ̀tì? Ṣé inú àlàfo ni kí n máa sùn?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó le jù lọ lójú ewé yìí nìyẹn.

Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa, ọgọ́ta ẹsẹ̀ sí ọgọ́fà ẹsẹ̀ ni, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Tẹ́ ẹ bá yọ mítà mẹ́ta lọ́tùn-ún lósì, mítà 12 ló kù ní fífẹ̀, ilé gidi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń ra odindi pulọ́ọ̀tì mọ́? Ìdajì là ń rà, bàbá sì ń pín odindi fún ọmọ méjì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà pín in. Tí wọ́n bá dá a ní ìbú, tí tiyín jẹ́ ọgọ́ta ẹsẹ̀ sí ọgọ́ta, mítà 12 yín ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá dá a ní òró, ọgbọ̀n ẹsẹ̀ sí ọgọ́fà, fífẹ̀ ilẹ̀ yín ò ju mítà 9 lọ. Ẹ yọ mẹ́ta, ẹ yọ mẹ́ta. Mítà mẹ́ta ló kù láti kọ́ ilé sí. Ọ̀ọ̀dẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ilé.

Níbí, ẹ jẹ́ kí n ta ko ìjọba díẹ̀. Ẹni tó ṣe ìlànà yìí, odindi pulọ́ọ̀tì ló ní lọ́kàn, àwọn tó ń ta ilẹ̀ fún wa ò sì ta odindi. Tálákà ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Mo ti sọ ọ́ ní ìpàdé, màá tún sọ ọ́.

Àmọ́ àròyé kì í kọ́lé. Ọmọ Ẹ̀bútè, tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n rẹ ló ni ìdajì kejì, ẹ má yà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lọ bá ayàwòrán ilé kan náà, kó yà á bí ilé ìbejì tó fẹ̀yìn tira, ògiri kan láàárín, kí àlàfo wà ní ìta méjèèjì. Mítà 18 yín á tún di odindi. Mo ti rí tẹ̀gbọ́n tàbúrò tó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀, wọ́n sì gbà á fún wọn. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ o, kí ìyàwó ẹnì kan má baà ní kí wọ́n wó ògiri lọ́jọ́ tí wọ́n bá jà. Ẹni tí kò tíì ra ilẹ̀, kó bi wọ́n bí wọ́n ṣe dá a kó tó ka owó.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ Ìyá Bọ́lá. Òkè tí ẹ ní ẹ fẹ́ gbé ilé sí ló ń bà mí lẹ́rù ju ṣọ́ọ̀bù lọ, ẹnikẹ́ni ò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ látàárọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ra bọ́ńgálò ní Àgríìkì, ó fẹ́ sọ ọ́ di pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bírìkìlà ní ilé náà le bí òkúta. Ẹnjiníà tí mo mú lọ bá a ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gba ṣísẹ́ẹ̀lì, ó bó pilásítà igun ilé kan. Kò sí òpó níbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù lásán ni láti ìsàlẹ̀ dókè. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀, ó fi họ àárín búlọ́ọ̀kù méjì, yanrìn ń dà sílẹ̀ bíi gaàrí. Ó wo ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Ọ̀gá, òrùlé nìkan ni ilé yìí mọ̀ ọ́n gbé."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ bọ́ńgálò wa rí. Ògiri ló gbé páànù. Dẹ́kìn, ògiri òkè, àti táǹkì omi ayálégbé mẹ́rin, ẹrù míì pátápátá ni. Tó bá jẹ́ ilé tó ní òpó, àyẹ̀wò wà fún un tí kò ní ba ilé jẹ́. Ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé ti ìpínlẹ̀, LSMTL, ń ṣe é. Wọ́n ní irin kan tó rí bíi tọ́ọ̀ṣì gígùn, wọ́n á tì í mọ́ òpó, á ta padà, á dún kọ̀, wọ́n á ka nọ́ńbà tó yọ. Wọ́n ń ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà lójú kan náà, torí ìgbà kan ṣoṣo lè tan èèyàn. Láìsí ìwé àyẹ̀wò pé ìsàlẹ̀ lè gbé òkè, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni á fọwọ́ sí i fún yín.

Ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa tó gíga lọ sí Ọ̀dọ̀gúnyàn àti Ìmọ́tà kì í ṣe ẹgbẹ́ ti ìsàlẹ̀ lọ́nà Báyẹ̀kú àti Ìpakodò, níbi tẹ́ ẹ máa ti ṣọ́bìrì lẹ́ẹ̀mẹta tí omi á ti yọ. Ìpìlẹ̀ tó tó fún bọ́ńgálò níhìn-ín lè má tó fún un lọ́hùn-ún.

Ẹnì kan kọ ọ́ pé "Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ilé". Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ilé àlejò tó wó ní Ìkọ̀tún ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014. Inú ọgbà ìjọ ló wà, òkè ni wọ́n ń kọ́ kún un lọ́wọ́. Èèyàn 116 ló kú. Ilé ẹjọ́ tó wádìí ikú wọn sọ pé àìlágbára ilé náà ló wó o.

* * *

Ó yẹ kí n dá ìbéèrè nípa ẹni tó ń ya pláànù lóhùn, torí mo rí i pé ẹnì kan ń polówó ara rẹ̀ lókè yìí pé òun á ya á lọ́jọ́ méjì.

Ẹni tó bá máa fi òǹtẹ̀ lu àwòrán gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé ẹgbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀: ARCON fún ayàwòrán ilé, COREN fún ẹnjiníà. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà tó wà káàkiri Sábó mọ àwòrán ọ́n yà, mi ò jiyàn, àwọn míì dára gan-an. Òǹtẹ̀ ni wàhálà. Onílé kan ládùúgbò wa sanwó tán, ìwé dé, òǹtẹ̀ pupa mẹ́ta wà lórí rẹ̀. Mo ní kí á pe ẹnjiníà tó ni òǹtẹ̀ náà. Ọkùnrin náà gbé fóònù, a ka orúkọ òpópónà fún un. Ó ní òun ò dé Ìkòròdú láti ọdún méje. Ẹni tó ta òǹtẹ̀ náà ò tún gbé fóònù mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ẹ pe ẹni tó ni òǹtẹ̀ kí ẹ tó sanwó tó kù. Ẹ má gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó gbé iṣẹ́ wá o, ẹ wá a fúnra yín.

* * *

Sí ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì lẹ́bàá Sábó tó fẹ́ wó ògiri àárín wọn kó fi ṣe ilé oúnjẹ: bẹ́ẹ̀ ni, tìrẹ náà gba àṣẹ. O ní ilé ìtajà ni tẹ́lẹ̀, ilé ìtajà náà ni yóò jẹ́, ṣùgbọ́n ògiri tí o fẹ́ wó yẹn, ṣé o mọ ohun tó gbé? Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lo sọ pé ó wà lórí rẹ̀. Bákan náà, gáàsì, jẹnẹrétọ̀, àti àlejò àádọ́ta tó jókòó pọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìyá aláṣọ kan tó ń dá ta ọjà. Ìwọ kọ́ lo ni ilé náà. Gba ìwé lọ́wọ́ onílé kí o tó gbé òòlù, torí tí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, owó táìlì rẹ ló wọlẹ̀, ilé rẹ̀ ṣì wà.

Ẹni tó fẹ́ sọ ilé gbígbé di iléèwé, ìyípadà ìlò ni wọ́n ń pe ìyẹn, kó má tiẹ̀ gbìyànjú láti fi ara pamọ́. Ilé tó wó ní Ìta-Fáàjì ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, iléèwé wà lórí òkè rẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

* * *

Ìyá Bọ́lá ti padà dé. Wọ́n ní àwọn gba ọ́fíìsì lọ, pé ìwé ẹnu géètì kì í ṣe irọ́, pé àwọn sì ti fi tépù bírìkìlà wọn ilé bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Láti ògiri dé fẹ́ǹsì: iwájú, mítà mẹ́fà àti díẹ̀; ọ̀tún, mẹ́ta géérégé; òsì, méjì àbọ̀; ẹ̀yìn, mẹ́sàn-án. Wọ́n tún bi mí bóyá àánú tí ìjọba ṣe ṣì wà.

Èyí tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn, ọdún 2024 ni. Ìjọba Èkó yọ owó ìjìyà fún ẹni tó ti kọ́lé láìgbàṣẹ tó bá wá gbà á, wọ́n fún wọn ní àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n sì tún sún un síwájú. Ilé tó ti wà nílẹ̀ ni ìyẹn wà fún. Tiyín ò tíì ju ihò ìpìlẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ má dúró de àánú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Màmá, màá sọ òótọ́. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin iwájú yẹn ò ní ṣeé ṣe. Mítà mẹ́fà yẹn ni àlàfo tó wà láàárín yín àti ojú títì, kò sí ẹni tó máa fọwọ́ sí i pé kí ẹ kọ́ nǹkan dí i. Àwọn tó ní kí ẹ lọ fi nǹkan tẹ́ ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ bi wọ́n bóyá àwọn á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìjọba bá fẹ̀ títì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀yìn. Mítà mẹ́sàn-án. Tí ẹ bá fi mẹ́ta sílẹ̀, mẹ́fà kù, yàrá àti ilé ìwẹ̀ yín wà níbẹ̀ dáadáa tí ṣọkawéè ò bá sí lójú ọ̀nà. Kí ẹ̀yin kó sẹ́yìn. Pálọ̀ àti yàrá tó kọjú sí títì, ẹ bèèrè ìyípadà ìlò fún wọn, kí ẹ sọ wọ́n di ṣọ́ọ̀bù méjì. Méjì tí wọn ò ní wó sàn fún yín ju mẹ́rin tí ẹ kò ní sùn nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà wo ògiri kí wọ́n tó la ojú ìlẹ̀kùn ńlá sí i, kó sọ irú bíìmù tó máa gbé ibẹ̀. Apá òsì tó jẹ́ méjì àbọ̀, bàbá ló fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má fi nǹkan kan kún un. Ọ̀rọ̀ òkè, ẹ gbàgbé ẹ̀ ná.

Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni ò rántí bi yín. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀? Tó bá jẹ́ ti bàbá nìkan, wọ́n á béèrè ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fi ń fún àwọn ẹbí òkú láṣẹ lórí dúkìá rẹ̀. Ìwé yẹn máa ń pẹ́ ju pláànù lọ. Tí ẹ kò bá tíì gbà á, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ mú àwọn ọmọ mọ́ra, kí ẹnikẹ́ni má sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun ò mọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ìwé sọ́féè, pláànù 1998, àwòrán tuntun, ìwé owó orí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbà wọ́n sí báyìí, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dé ọ́fíìsì, ẹ fi pláànù àtijọ́ hàn wọ́n, kí wọ́n sọ fún yín tẹnu tẹnu ohun tí wọ́n máa kọ̀.

Ihò tí bírìkìlà gbẹ́ síwájú, ẹ jẹ́ kó dí i lọ́sẹ̀ yìí kí òjò tó kún inú rẹ̀, ọmọdé ń kọjá níbẹ̀. Ẹ má ta búlọ́ọ̀kù. Ẹ kó o lọ sẹ́yìn, ẹ tò ó sórí pákó, ẹ fi tàpólì bò ó. Yàrá ẹlẹ́sẹ̀ méjìlá pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ á jẹ ẹgbẹ̀ta yẹn tán.